Bobby Benson: Ọmọ Ìkòròdú tó mọ orin olórin tán, kó tó wá rí orin tirẹ̀

Bí ènìyàn bá gba Mile 2 wọ Festac Town lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kò lè rìn jìnnà kó tó gbọ́ ìró gìtá. Ní àwọn ilé ìgbafẹ́ tí ẹgbẹ́ olórin ti ń ṣeré lójúkojú, orin olórin ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kọ. Wọn a kọ háíláìfù àtijọ́, wọn a kọ jùjú, wọn a sì kọ kọ́ńtìrì, orin ìgbèríko Amẹ́ríkà tí Jim Reeves àti Don Williams fi wọ ilé àwọn bàbá àti ìyá wa. Nídìí irú eré bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn kan ti máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á ní onígìtá tó bá ta á gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àwo, tí kò fo ẹyọ ohùn kan ṣoṣo, òun ni ọ̀gá. Àwọn mìíràn á ní ẹni tí orin rẹ̀ bá wọni lára ni ọ̀gá, ì báà má mọ̀ ju ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà tẹ okùn gìtá lọ.

Àríyànjiyàn yìí ti wà kí wọ́n tó kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé lọ́dún 1977. Bí a bá sì ń wá ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ lè la ọ̀rọ̀ náà yé wa, kí a má lọ jìnnà. Ọmọ Ìkòròdú ni. Bernard Olabinjo Benson ni orúkọ rẹ̀, Bobby Benson ni gbogbo ayé ń pè é. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú gìtá tó ń lo iná mànàmáná dé orí ìtàgé ní Nàìjíríà.

Ìdílé ẹni iyì ni wọ́n bí i sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Olóyè T.O.S. Benson, olóṣèlú tó di mínísítà ètò ìròyìn fún ìjọba àpapọ̀ lásìkò tí a gba òmìnira, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àbúrò gbà kò jọ ti ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Bobby jáde ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́. Ó di abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bá ọkọ̀ ojú omi lọ gẹ́gẹ́ bí atukọ̀. Lọ́dún 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì bá a padà mọ́. Ibẹ̀ ló ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ oníjó kan tí wọ́n ń pè ní Negro Ballet, ó sì bá wọn ṣeré ní àwọn olú ìlú ilẹ̀ Yúróòpù. Ó pàdé Cassandra, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ Scotland àti ti erékùṣù Caribbean jọ wà lára rẹ̀. Lọ́dún 1947, àwọn méjèèjì dé sí Èkó.

Tọkọtaya náà dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀. Bobby ń ta gìtá, ó ń fọn fèrè saxophone, Cassandra sì ń jó. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ náà di Bobby Benson Jam Session Orchestra. Kí ni wọ́n ń kọ? Orin olórin ni. Èkó ìgbà náà wà lábẹ́ òyìnbó, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ ọba ló sì ń lọ sí ijó alẹ́ nínú kóòtù àti táì. Waltz, foxtrot àti swing ni wọ́n ń béèrè. Olórin tó bá lè kọ ọ́ bí ará Lọ́ńdọ̀nù tàbí ará New York gan-an ni wọ́n ń yìn, Benson sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orin olórin dójú àmì gbọ́dọ̀ fi etí balẹ̀, kó fi ìka sùúrù, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí fèrè dákẹ́ kí gìtá lè sọ̀rọ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ tó gbé ti òkè òkun bọ̀.

Gìtá oníná náà yẹ kó yé wa. Gìtá onípákó lásán kò lè bá fèrè mẹ́rin àti ìlù figagbága. Ariwo wọn á gbé e mì. Nínú gìtá oníná, mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wáyà wé wà lábẹ́ okùn. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n, wáyà náà á gba ìgbọ̀nrìrì rẹ̀, á sọ ọ́ di agbára iná, á sì gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá. Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí ariwo ni wọ́n ṣe ṣe é. Àǹfààní tó ṣe pàtàkì jù ni pé onígìtá lè wá fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ta á, kí gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́.

Láàárín ìgbà kan náà, ní ọdún 1949, Ayinde Bakare, àgbà olórin jùjú, so ẹ̀rọ mọ́ gìtá tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọrin fún kì í béèrè bóyá ó lè ta á bí ará Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá gìtá rẹ̀ lè bá ohùn àti ìlù sọ̀rọ̀, kí orí olóde lè wú. Nínú ìlú kan ṣoṣo, òṣùwọ̀n méjì ló wà nílẹ̀.

Ohun tó yí Benson padà ti Gold Coast wá, ìyẹn Gánà òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣeré ní Nàìjíríà. Fèrè kan náà tí àwọn ará Èkó ń fọn ni wọ́n ń fọn, ṣùgbọ́n háíláìfù, orin ilẹ̀ wa, ni wọ́n ń fi í kọ. Àwọn tó ti ń fi ẹ̀sọ̀ jó foxtrot wá rí i pé ẹsẹ̀ àwọn mọ ijó mìíràn. Benson náà yà sí háíláìfù, láti inú èyí sì ni Taxi Driver ti jáde, orin tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ọlọ́jà àti akọ̀wé jọ mọ̀. Kò sọ ìmọ̀ tó kọ́ nù. Ọgbọ́n bí fèrè àti gìtá ṣe ń fún ara wọn láyè wà nínú orin náà. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń kọrin fún: awakọ̀ takisí Èkó àti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan lè ní ohun tí a ń sọ ni pé kí olórin jáwọ́ nínú orin olórin. Rárá o. Orin He'll Have to Go tí Jim Reeves fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́dún 1960, Billy Brown ló kọ́kọ́ gbé e sínú àwo. Ẹni tó darí iṣẹ́ náà fún Reeves ni Chet Atkins, ọ̀kan nínú àwọn onígìtá tí ìka wọn yá jù lọ ní Amẹ́ríkà. Bó ti mọ gìtá tó yẹn, kò jẹ́ kí gìtá bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Mímọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró, ìmọ̀ ni ìyẹn náà.

Ayé tún wá yí ọ̀rọ̀ náà po fún Benson fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1963, Randy Weston, gbajúmọ̀ atẹdùùrù jáàsì láti Brooklyn, tó ti wá sí Èkó lọ́dún 1961, fi Niger Mambo tí Benson ṣe sínú àwo tirẹ̀ tó pè ní Highlife. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin àwọn ará Amẹ́ríkà ti di ẹni tí ọ̀gá olórin Amẹ́ríkà ń tún orin rẹ̀ kọ. Weston kò sì kọ ọ́ bí Benson ṣe kọ ọ́. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé e.

Benson dá ilé ijó Caban Bamboo sílẹ̀, èyí tó padà di Hotel Bobby. Eddy Okonta, Zeal Onyia, Rex Lawson àti Victor Uwaifo wà lára àwọn tí wọ́n kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Bí a bá ní ká fi ìka yíyá nìkan díwọ̀n, Uwaifo yára jù ú lọ dáadáa. Síbẹ̀, Benson ló lànà. Ó jáde láyé ní Èkó ní ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 1983.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ onígìtá tí ẹ wà ní Festac àti Amuwo-Odofin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí pé ẹ ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí kọ́ orin olórin dójú àmì. Láìsí ìyẹn, ọwọ́ kò ní í gbọ́ràn sí ọkàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ́ yín lọ́wọ́ tán, ẹ gbójú sókè wo àwọn tó jókòó níwájú yín. Àwọn ni ẹ ń kọrin fún.