Olíkóyè, oògùn aràn àti kókó tó wà lọ́mú àǹtí mi

Àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi tó ń ta òkìrìkà n'Ìkọ̀tún, rí kókó lọ́mú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́míìsì ló gbà lọ, ó ra oògùn aràn, torí pé fídíò kan tó wọlé sórí Wáásáàpù ẹ̀ sọ pé ivermectin àti mebendazole ń wo jẹjẹrẹ sàn, pé àwọn òyìnbó mọ̀, wọ́n kàn ń fi pamọ́ fún wa ni torí pé owó ẹ̀ kéré. Oṣù mẹ́rin ló fi gbé e mì. Ìgbà tí kókó yẹn ń tóbi sí i ló tó pè mí. Èmi ni lọ́yà inú ẹbí, gbogbo wàhálà ni wọ́n ń gbé wá, àfi bíi pé wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ dókítà ní Law School.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti yéé ronú nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti. Ẹ̀yin ọmọ òde òní mọ̀ ọ́n sí ẹ̀gbọ́n Fẹlá, bí ẹ bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rárá. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá, 1927. Àlùfáà àti olùkọ́ ni bàbá ẹ̀. Ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó kàwé dókítà ní Trinity College, Dublin, ó padà sílé, ó di dókítà àwọn ọmọdé àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Àwọn àìsàn tó ń pa ọmọ nígbà náà kì í ṣe àràmàǹdà: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ibà.

Ní 1985, Babangida fi í ṣe mínísítà ètò ìlera. Ká sòótọ́, ibí yìí ò yé mi títí dòní. Ṣọ́jà ló ju ìyá ẹ̀ láti ojú fèrèsé nílé Fẹlá ní 1977, ìyá náà sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba ṣọ́jà tó wá ń bá ṣiṣẹ́ yìí náà tún ti Bẹ́kò, àbúrò ẹ̀, mọ́lé. Ó jókòó síbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó fi ipò náà ṣe.

Ó gbé ètò ìlera alábọ́dé lọ sáwọn ìjọba ìbílẹ̀, 52 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé abúlé. Àwọn ìyá kọ́ bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìgò bíà ni wọ́n fi ń wọn omi ẹ̀, ṣíbí iyọ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú, torí pé bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ohun olówó pọ́ọ́kú ni, àmọ́ wọ́n ti dán an wò dáadáa kó tó dé ilé ìdáná ìyá wa. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ka òfin, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ ni Dìkírì 43 ti 1989, tó ṣètò àkọsílẹ̀ àwọn oògùn tó pọn dandan fún orílẹ̀-èdè yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan oògùn àǹtí mi nìyí. Ní 1987, Olíkóyè ṣì wà nípò nígbà tí ilé iṣẹ́ Merck l'Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀fẹ́ làwọn á máa fún àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn ìfọ́jú etí odò ti ń jà ní ivermectin. Nàìjíríà wà lára àwọn tí àrùn náà pọ̀ sí jù láyé. Oògùn ẹran ọ̀sìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á fún. Kó tó di ti èèyàn, wọ́n dán an wò lára aláìsàn díẹ̀ ní Dakar, Senegal, ní 1981, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn lójú méjèèjì. Ọdún mẹ́fà ló gbà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní oògùn ò lè yí iṣẹ́ padà, irọ́ ló ń pa.

Kódà, oògùn aràn kan ti ṣiṣẹ́ jẹjẹrẹ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún bíi tèmi á rántí Ketrax. Levamisole ló wà nínú ẹ̀. Ní 1990, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí levamisole yìí kan náà fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń lò ó, pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ gidi tó ń jẹ́ fluorouracil, aláìsàn tó lé ní 1,200 ni wọ́n sì fi ṣèwádìí ẹ̀. Òun nìkan ò ṣe nǹkan gidi kan. Ó tún lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Nígbà tó yá, àdàpọ̀ mìíràn tó dáa jù ú lọ dé. Wọ́n pa á tì.

Ivermectin àti mebendazole ò tíì rin ìrìn yẹn parí. Nínú àwo yàrá ìwádìí, wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ivermectin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sábà máa ń ju èyí tí ara èèyàn lè gbà láìséwu lọ. Kò sí ìwádìí ńlá kankan lára èèyàn tó fi hàn pé wọ́n ń wo jẹjẹrẹ sàn. Fídíò yẹn ò sọ èyí. Wọ́n ní oògùn náà ò wọ́n. Oṣù mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ àǹtí mi.

Ohun mìíràn wà nínú ayé Olíkóyè tí mo sọ fún àǹtí mi. Fẹlá kú lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ, 1997. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn éèdì ni, lásìkò tí ìdílé mìíràn ì bá pè é ní ibà tàbí kí wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Àǹtí ò dá mi lóhùn. Ọjọ́ kẹta ló ní ká lọ.

Olíkóyè kú sí London lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà, 2003, lẹ́ni ọdún 75. Mi ò bá a pàdé rí. Èmi àti àǹtí lọ sílé ìwòsàn ìjọba n'Ìgàndò, a tò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ìwé fún wa lọ síbi tí wọ́n ti gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ó ṣì ṣeé tọ́jú, pé ì bá rọrùn jù báyìí lọ ká ní a tètè wá. Ó ti gba kẹ́mò ẹ̀ẹ̀mejì, irun ẹ̀ ti ń já, ó ṣì ń lọ sọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ náà sórí Wáásáàpù ẹgbẹ́ àwọn oní-òkìrìkà, kí wọ́n lè máa yẹ ọmú ara wọn wò, kí wọ́n sì tètè lọ sílé ìwòsàn. Mo kọ ọ́. Kò tó wákàtí kan tí ẹnì kan fi fi fídíò yẹn fèsì.