Marie Curie àti Iyọ̀ Tó Ń Tàn Nínú Òkùnkùn

Ìtàn Marie Curie ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe gan-an kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Poland ni wọ́n bí i sí ní 1867. Yunifásítì ìlú náà kì í gba obìnrin nígbà náà. Ó wá ń kọ́ ọmọ àwọn olówó nílé wọn, ó sì ń fi owó rẹ̀ ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Paris lọ́wọ́. Ní 1891 ni ó tó kan òun náà láti lọ. Ní 1895 ó fẹ́ Pierre Curie, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ní 1898 tọkọtaya yìí rí i pé nǹkan kan wà nínú òkúta yùréníọ̀mù tí ìtànṣán rẹ̀ lágbára ju ti yùréníọ̀mù fúnra rẹ̀ lọ. Rédíọ̀mù ni wọ́n sọ ọ́. Ó kù kí wọ́n yọ ọ́ jáde kí ayé lè gbà. Marie gba pàǹtí òkúta náà, tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù, ó ń sè é nínú àgọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ogún kílò ló ń gbé kaná lẹ́ẹ̀kan, tí yóò máa fi ọ̀pá irin rò ó, bí àwọn ìyá wa ní Ìkọ̀yà ṣe ń dúró ti ìkòkò epo pupa.

Ní 1902 ni ó tó rí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá gíráàmù kan. Kì í ṣe rédíọ̀mù lásán o, iyọ̀ rẹ̀ ni: rédíọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ kílórínì, èyí kan náà tó so mọ́ sódíọ̀mù tó di iyọ̀ ọbẹ̀ wa. Ó ti dàpọ̀ mọ́ iyọ̀ báríọ̀mù tó jọ ọ́. Marie a yọ́ wọn sínú omi gbígbóná. Bí omi bá tutù, èyí tí rédíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì. A tún un ṣe, a tún un ṣe, láìmọye ìgbà.

Lálẹ́, iyọ̀ náà ń tàn nínú ìgò, inú wọn a sì máa dùn láti wò ó. Pierre so díẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, ó jó o bí iná. Láti ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í jó jẹjẹrẹ.

Wọn kò gbà kí ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ọ́ di ohun títà. Lójú tiwa, èyí ju ẹ̀bùn Nobel méjì tó gbà ní 1903 àti 1911 lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin pa Pierre ní 1906. Nígbà tó di 1921, gíráàmù kan ti tó ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, Marie kò sì lówó rẹ̀. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ló dáwó rà á fún un. Ẹ̀yìn èyí ni òkúta láti Kóńgò, ní Áfíríkà wa, sọ owó rẹ̀ di wíwálẹ̀.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló pa á ní 1934, ìtànṣán tó ti ń wọ̀ ọ́ lára láti ọdún pípẹ́ ló fà á. Àwọn ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣì wà ní Paris nínú àpótí òjé. Rédíọ̀mù tó wà lára wọn yóò lo nǹkan bí 1,600 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó parẹ́.