Robert Gross, dókítà olójú kan tó já òrùka tó ń fún ọmọdé lọ́nà èémí

Láti kékeré, ojú kan ṣoṣo ni Robert Gross fi ń ríran dáadáa. Ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1905. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣe dùùrù, máa ń fún un ní aago kó tú u, kó sì tún un tò, kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lè mọ iṣẹ́ wẹ́wẹ́.

Lọ́dún 1938, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, ó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan nílé ìwòsàn ọmọdé ní Boston. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn, tó yẹ kó ti dí lẹ́yìn ìbí, ló fi okùn dì. Ọmọ náà yè.

Àmọ́ ìṣòro mìíràn ṣì wà. Wọ́n máa ń bí àwọn ọmọ kan tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wọn pín sí méjì, tó wá yí ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ po bí òrùka. Èémí wọn á máa pariwo, oúnjẹ á máa há wọn, àwọn èèyàn á ní ikọ́ fée ni. Tí ọmọ bá mu omi funfun kan tó máa ń hàn nínú àwòrán X-ray, ibi tí òrùka náà ti fún un á hàn.

Lọ́dún 1945, Gross la àyà ọmọ kékeré kan, ó dì apá kan òrùka náà, ó sì gé e. Ẹ̀jẹ̀ ń gba apá kejì lọ, èémí sì rọ́nà. Òun náà ló fún àìsàn yìí lórúkọ tí àwọn dókítà ṣì ń pè é.

Ọdún 1988 ló kú, lẹ́ni ọdún 83. Ẹ̀yin òbí, tí èémí ọmọ bá ń pariwo tí oògùn ikọ́ fée ò ràn án, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé.