Li Shizhen: Ọmọ Oníṣègùn tí Gbòǹgbò Kan Gbà Lọ́wọ́ Ikú

Ẹni tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ó sì ti kú láti ọdún 1593. Li Shizhen lorúkọ rẹ̀, ará Ṣáínà ni. Bí ẹ bá ń kàwé nípa egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó bá orúkọ rẹ̀ pàdé.

Ọdún 1518 ni wọ́n bí i ní ìlú Qizhou, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Hubei lónìí. Bàbá bàbá rẹ̀ máa ń gbé oògùn káàkiri láti tọ́jú àwọn èèyàn. Bàbá rẹ̀ náà, Li Yanwen, oníṣègùn tó mọṣẹ́ ni. Ẹ ó rò pé ọmọ á ṣáà gba iṣẹ́ ìdílé, àbí? Bàbá ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í ka oníṣègùn sí bí wọ́n ṣe ń ka òṣìṣẹ́ ọba sí. Kí èèyàn sì tó lè di òṣìṣẹ́ ọba, àfi kó yege nínú ìdánwò ìjọba. Bàbá ní kí ọmọ òun jókòó ti ìwé.

Shizhen jókòó tì í lóòótọ́. Ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà tó yege ní ìpele àkọ́kọ́. Ìpele kejì ló wá di wàhálà. Ìlú Wuchang ni wọ́n ti ń ṣe é, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló sì ń wáyé. Ó lọ, ó fìdí rẹmi. Ó tún lọ, pàbó ló já sí. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tó tó ọmọ 20 ọdún, àìsàn gbé e dè. Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún abọ́ lójúmọ́, kò rí oorun sùn, kò lè jẹun. Ó lé lóṣù kan tí wọ́n fi ń fún un ní oríṣiríṣi oògùn, ńṣe ló ń burú sí i. Gbogbo èèyàn gbà pé ó ti parí. Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ rántí ìmọ̀ràn oníṣègùn àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Li Gao, tó ti kú ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú. Ó mú gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n ń pè ní huangqin, òun nìkan, kò lú u mọ́ nǹkan mìíràn. Ó fi ife omi méjì sè é títí ó fi ku ife kan, ó sì fún ọmọ rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kejì, ara tó ń gbóná lọ sílẹ̀. Ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sì lọ. Shizhen fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìdánwò kọ̀ fún un, ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n pè é sí ààfin ọmọ ọba ní Wuchang, wọ́n sì tún mú un lọ sí ilé ìṣègùn ọba ní Beijing. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi padà sílé. Ohun kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: àwọn ìwé egbòogi tí gbogbo oníṣègùn ń lò kún fún àṣìṣe. Ewéko kan ṣoṣo, ìwé á pè é ní méjì. Ewéko méjì, ìwé á kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Àwọn kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé bí èèyàn bá ń jẹ mẹ́kúrì, kò ní kú, bẹ́ẹ̀ májèlé ni! Ẹ wò ó, bí oníṣègùn bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣàìsàn ló máa san gbèsè.

Lọ́dún 1552, Shizhen bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀. Ó ka ìwé tó lé ní 800. Ìwé nìkan ò tó o, ó lọ bá àgbẹ̀, apẹja, ọdẹ àti àwọn tó ń gé igi. Ìwé àtijọ́ ní ẹran oníìpẹ́ kan wà tó ń jẹ èèrà. Ó la inú ẹran náà, ó bá èèrà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní òdòdó kan wà tí èèyàn á fi sínú ọtí, tó máa ń mú ẹni tó mu ún rẹ́rìn-ín tàbí jó. Òun fúnra rẹ̀ mu ún kó tó kọ ọ́ (ẹ má dán irú ẹ̀ wò o!). Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún ìwé náà kọ kó tó parí lọ́dún 1578. Bencao Gangmu ni wọ́n ń pè é. Ìpín 52 ló ní, oògùn 1,892 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà àtipo oògùn sì lé ní 11,000. Ìlú Nanjing ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1596. Li Shizhen ti kú lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, kò fojú kan ìwé náà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì òde òní fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí huangqin. Kí ló dé tó fi jẹ́ gbòǹgbò ni bàbá rẹ̀ sè, tí kì í ṣe ewé? Ẹ wo ẹ̀wà lílọ̀. Kan náà ni, àmọ́ bí ẹ bá dín in, àkàrà ni. Bí ẹ bá pọ́n ọn sínú ewé kí ẹ sì sè é, mọ́ínmọ́ín ni. Bẹ́ẹ̀ ni huangqin ṣe ń ṣe. Ohun kan náà ni ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú ewé, ewéko náà máa ń fi ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan kún un ní ibì kan. Nínú gbòǹgbò, ó máa ń fo ibẹ̀ dá, ó sì ń lo ẹ́ńsáìmù mìíràn. Ohun tó ń jáde ni baicalein àti wogonin, tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n lè mú kí ara wíwú rọlẹ̀. Ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínà tẹ àlàyé ọ̀nà yìí jáde. Ewé àti gbòǹgbò ewéko kan náà, oògùn inú wọn ò dọ́gba.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé ewéko báyìí ń wo àìsàn báyìí, ẹ béèrè ohun tí Li Shizhen fi ọdún 27 béèrè. Èwo gan-an nínú àwọn tó jọra wọn? Ewé ni àbí gbòǹgbò? Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é, mélòó sì ni èèyàn ń mu? Ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ fi ife sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ìdánwò sì ti já kulẹ̀, ẹ má ba ọkàn jẹ́.