Martini Maccomo: Adúláwọ̀ tó ń wọ àgò kìnnìún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí Martini Maccomo bá ti ń wọlé tọ kìnnìún lọ, ọkàn àwọn tó wá wòran kì í balẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé kìnnìún lè pa á lójú wọn.

Láti òpin àwọn ọdún 1850 ni ọkùnrin adúláwọ̀ yìí ti ń bá William Manders ṣiṣẹ́, ẹni tó ń kó ẹranko búburú kiri ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn èèyàn láti sanwó wò. Maccomo a mú pàṣán àti ìbọn ìléwọ́ dání, a sì máa lé kìnnìún kiri nínú àgò irin bí ọdẹ inú igbó.

Jíjẹ́ ọmọ Áfíríkà wà lára ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Àmọ́ ẹnu kò kò lórí ibi tí wọ́n bí i sí: àwọn kan ní Àǹgólà ni, àwọn mìíràn ní West Indies.

Ní 1869, kìnnìún kan tó ń jẹ́ Wallace kọlù ú nílùú Sunderland. Maccomo yè é.

Ibà tó ń mú oríkèé ara ló wá pa á, nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Sunderland kan náà, lọ́jọ́ 11 oṣù Kínní ọdún 1871. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 35 lọ. Manders ló gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀ ní itẹ́ òkú Bishopwearmouth.

Nígbà tí Wallace náà kú, wọ́n ki nǹkan sínú awọ rẹ̀, wọ́n sì gbé e sí mùsíọ́mù Sunderland. Ìlú kan náà ni kìnnìún àti ẹni tó kojú rẹ̀ wà títí dòní.