Alan Turing

Alan Mathison Turing (23 Oṣù Kẹfà 1912 – 7 Oṣù Kẹfà 1954) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tí ó kọ ní ọdún 1936 nípa ẹ̀rọ aṣèṣirò, àti ipa tí ó kó ní Bletchley Park láti tú àṣírí àrokò àwọn ará Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ó mú òkìkí rẹ̀ kàn.

Ní 1948 ni ó lọ sí Yunifásítì Manchester. Nígbà tí ẹ̀rọ Ferranti Mark 1 dé ibẹ̀ ní 1951, Turing ni ó kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí yóò lò ó. Ẹni tí ó bá ń wá àṣìṣe inú ètò rẹ̀ lè wo réjísítà, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ ń kó nọ́mbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí, lójú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àmì ìmọ́lẹ̀ ti dúró fún 0 àti 1. Lórí ìwé, wọn a pín àwọn bíìtì wọ̀nyí ní márùn-ún márùn-ún, wọn a sì fi àmì teleprinter kan rọ́pò ìdì kọ̀ọ̀kan. Àmì 32 ni ó wà, ó sì di dandan kí a mọ̀ wọ́n sórí: / ni 0, E ni 1, @ ni 2, A ni 3, : ni 4. Èyí tí ó tún wá le jù ni pé apá òsì ni èyí tí ó kéré jù lọ nínú nọ́mbà máa ń wà. Nítorí náà, :A// ni 100 nínú ìlà oníbíìtì 20: 4, pẹ̀lú 3 lọ́nà 32.

Èyí kò ni Turing lára rárá. Ní ìpàdé kan ní Cambridge ní Oṣù Kẹfà 1949, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè yẹ ètò ńlá wò, ó kọ nọ́mbà lásán sójú pátákó láti ẹ̀yìn wá síwájú, ọ̀rọ̀ náà sì rú àwọn olùgbọ́ lójú. Ohun tí ó rọrùn fún un kò rọrùn fún àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nínú ẹ̀rọ náà. Tony Brooker, tí ó dé Manchester ní ìparí 1951, ni ó wá ṣe Autocode ní 1954, èyí tí ó jẹ́ kí wọ́n máa kọ nọ́mbà bí gbogbo ayé ti ń kọ ọ́.

Ní 1952, ilé ẹjọ́ dá Turing lẹ́bi nítorí pé ó bá ọkùnrin lò pọ̀, èyí tí òfin ilẹ̀ náà kà léèwọ̀ nígbà náà. Májèlé sáyánáìdì ni ó pa á nílé rẹ̀ ní Wilmslow. Ìwádìí ìjọba sọ pé ńṣe ni ó pa ara rẹ̀. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì forí jì í ní 2013.