Olikoye Ransome-Kuti: Mínísítà tó ní kí ìlera ará ìlú wà lọ́wọ́ ará ìlú

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ransome-Kuti, Fela ló kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye, kì í ṣe olórin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní ìparí àwọn ọdún 1980 ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó wà nípò mínísítà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Bàbá rẹ̀ ni Rẹ́fẹ́ràǹdì Israel Oludotun, ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School. Ìyá rẹ̀ ni Funmilayo, tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ tako owó orí. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, ìtọ́jú ọmọdé ló sì yàn láàyò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì Èkó, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí ní ọsibítù ńlá nìkan. Ní òpópónà Gbaja, Sùúrùlérè, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa ṣètọ́jú àwọn ọmọdé fúnra wọn láì dúró de dókítà. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti èéyi ló ń pa ọmọ jù nígbà náà, kò sì sí èyí tó nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó rí nǹkan ṣe sí i.

Ọdún 1985 ni Ìjọba Babangida fi í ṣe mínísítà ìlera. Lọ́dún 1986, wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti ìmọ̀ ìlera tí yóò máa tì wọ́n lẹ́yìn. Ó kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Ohun tó wà nílé ni, kò sẹ́ni tó máa dúró de ọkọ̀ òkun kó tó rí iyọ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò rí bẹ́ẹ̀. UNICEF àti àwọn olùrànlọ́wọ́ mìíràn láti òkè òkun ló ń gbé ẹrù tó wúwo jù níbẹ̀, látorí abẹ́rẹ́ dórí fíríìjì tí wọ́n ń kó o sí. Nígbà tó fi máa di 1990, ìjọba kéde pé iye ọmọ tó ti gba àjẹsára ti tó nǹkan bí 80 nínú 100. Àwọn kan jiyàn sí iye yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ ò ṣe.

Wọ́n wá fa ètò ìlera alábọ́ọ́dé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Lóòótọ́, èrò tó dáa ni: ẹni tó ń gbé ládùúgbò ló mọ ilé tí ọmọ ń kú sí. Owó ni ò tẹ̀ lé iṣẹ́ náà dáadáa. Káńsẹ́lọ̀ tí ò rówó oṣù san, báwo ló ṣe fẹ́ ra kẹrosíìnì sí fíríìjì abẹ́rẹ́? Nígbà tó máa fi kúrò nípò, wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1992 láti máa bójú tó ètò náà. Ṣùgbọ́n owó òkè òkun dínkù, rògbòdìyàn ìdìbò 1993 tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ sì di ohun àwátì ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìlera.

Kò dákẹ́ lẹ́yìn tó kúrò níjọba. Nígbà tí Fela kú ní oṣù Kẹjọ 1997, òun ló jáde sọ fáráyé pé àìsàn éèdì ló pa àbúrò òun, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń fi irú ẹ̀ pa mọ́.

Ìlú London ló kú sí, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2003. Láàárín oṣù yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí ìjọba ń lọ láti ojúlé dé ojúlé káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá irú abẹ́rẹ́ tí ọmọ wọn ti gbà. Nígbà tí èsì jáde, nínú ọmọ 100 tó ti pé ọdún kan àmọ́ tí ò tíì pé méjì, 13 péré ló gba gbogbo èyí tó yẹ.